Báwo Ni Ohun Tí Ń Fọ́ Ṣe Ń Dá Ọta Dúró Lára Ọkọ̀ Ogun?

Òǹkàwé kan ní Ṣàgámù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ajórinmọ́rin, tí àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ogun, kọ̀wé sí mi. Ó ní àbúrò òun sọ fún òun pé nínú ara ọkọ̀ ogun òde òní, kì í ṣe irin nìkan ló wà níbẹ̀, pé tánganran, rọ́bà àti ike wà láàárín irin méjì. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, láti ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń jó irin, mi ò tíì rí ibi tí tánganran ti le ju irin lọ. Bí irin kan ò bá tó, ṣé kì í ṣe ká jó òmíràn mọ́ ọn ni? Àbí wọ́n kàn ń fi owó ìjọba ṣòfò?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ajórinmọ́rin. Ibi tí ẹ ti ní ẹ kò rí tánganran tó le ju irin lọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí ó dá mi lójú pé ẹ ti rí i, ẹ kò kàn fiyè sí i ni. Bí ọ̀bẹ bá kú nínú ilé, tí kò sì sí òkúta ìpọ́nbẹ nítòsí, ìdí àwo tánganran ni wọ́n ń pọ́n ọn sí, ní etí róbótó ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí kò dán yẹn. Ọ̀bẹ ló ń jẹ, àwo kì í jẹ. Ìlà dúdú tó sì máa ń kù sí ìdí àwo náà kì í ṣe ojú ọgbẹ́ rárá, irin ọ̀bẹ tó há sórí rẹ̀ ni. Èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ tipẹ́: ohun kan lè le kí ó má yi, òmíràn sì lè yi kí ó má fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹran arúgbó màlúù yi, eegun rẹ̀ le. Irin yi, nítorí pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè lù ú, kò ní fọ́. Tánganran le, nítorí pé kò ṣeé ha, kò ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó parí. Ìpìlẹ̀ ìhámọ́ra onípele ni pé kí ohun tó le pàdé ọta níwájú, kí ohun tó yi sì gba èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn.

Ní ti jíjó irin mọ́ irin, ìṣirò ni yóò dá wa lóhùn. Irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró, tó sì nípọn ní mìlímítà 10, wọn kìlógíráàmù 78 àti ààbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọmọ iṣẹ́ méjì kí ẹ tó gbé e sórí tábìlì mọ ohun tí mo ń sọ. Wàyí o, RPG-7, àgbá èjìká tí ilẹ̀ Soviet gbé jáde ní 1961, tó sì wà lọ́wọ́ ọmọ ogun àti ọlọ̀tẹ̀ káàkiri ayé títí di òní, orí rẹ̀ àkọ́kọ́ ń gún irin tó nípọn ju mìlímítà 250 lọ, àwọn orí tó dé lẹ́yìn sì ń gún tó 500. Kí a ní 300 péré ni a fẹ́ dènà. Irin mìlímítà 300, ní mítà kan níbùú lóòró, wọn kìlógíráàmù 2,355, ìwúwo odindi jíìpù kan, lórí ibi tí kò tó ilẹ̀kùn iyàrá. Ọkọ̀ ní iwájú, ó ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ó ní ẹ̀yìn, ó ní òrùlé. Ẹ́ńjìnnì wo ni yóò fà á?

Àwọn Jámánì ti dán irú rẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó táńkì wọ ojú ogun fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Flers-Courcelette nílẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1916, irin tó nípọn jù lára wọn kò ju mìlímítà 12 lọ, nítorí pé ọta ìbọn ni wọ́n ń sá fún. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì fi máa gbóná, irin iwájú táńkì Tiger ti di mìlímítà 100, ọkọ̀ náà sì wọn tọ́ọ̀nù 57. Wọn kò dúró níbẹ̀, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n pè ní Maus, tọ́ọ̀nù 188. Nítorí pé kò sí afárá tó lè gbà á, wọ́n ṣètò pé kí ó máa gba ìsàlẹ̀ odò kọjá. Méjì péré ni wọ́n rí ṣe kí ogun tó parí. Orúkọ yẹn, Maus, èkúté ló túmọ̀ sí lédè wọn. Àwọn Jámánì náà mọ ẹ̀fẹ̀.

Ohun tó wá gba gbogbo ògo lọ́wọ́ irin nípọn ni orí ọta tí wọ́n ń ṣe ní kòtò, irú èyí tó wà níwájú RPG. Wọ́n di ẹ̀tù abúgbàù sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ iwájú ẹ̀tù náà bí inú àrọ tí a fi ń rọ epo, wọ́n sì fi bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ inú àrọ yẹn. Nígbà tí ẹ̀tù bá bú, ó fún bàbà náà pọ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, bàbà sì ta jáde níwájú bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan, tí orí rẹ̀ ń sáré kìlómítà 8 sí 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ọta AK-47, tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ṣeé sá fún, kò ju nǹkan bíi mítà 715 lọ láàárín àkókò kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná ló ń jó irin náà lu, bí iná ẹ̀rọ yín ṣe ń gé irin, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, bàbà náà kò tilẹ̀ yọ́. Agbára tó fi ń tẹ ojú ibi tó bá kàn ló pọ̀ débi pé bàbà àti irin ń ṣàn fún ara wọn bí omi ọ̀ọ́sì ṣe ń gbẹ́ ihò sínú ẹrẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, líle irin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ nǹkan kan mọ́. Gígùn okùn bàbà yẹn, àti bí ohun tó ń gún ṣe wúwo sí, ló kù tó ń pinnu bí ihò náà yóò ti jìn tó.

Ibí yìí gan-an ni ike ti rí ọ̀nà wọlé. Ohun tó fúyẹ́ ju irin lọ yóò jẹ́ kí bàbà wọ inú rẹ̀ jìn sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àfikún jíjìn náà kò tó àfikún fífúyẹ́ rẹ̀. Ike tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́rin irin, tàbí díẹ̀ dín sí i. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ní láti nípọn tó ìlọ́po méjì irin kí ó tó dá okùn bàbà kan náà dúró, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ yóò wọn ìlàjì ohun tí irin ìbá wọn. Alexander Morozov àti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní Kharkiv, nílẹ̀ Ukraine tó wà lábẹ́ Soviet nígbà náà, lo ọgbọ́n yìí fún táńkì T-64 láàárín ọdún 1960 sí 1969. Iwájú ọkọ̀ náà jẹ́ irin mìlímítà 80 níta, ike onífọ́nrán gíláàsì 105 láàárín, irin 20 nínú, wọ́n sì dà á dùbúlẹ̀ ní dígírì 68 kúrò ní òòró, tó fi jẹ́ pé ohun tó bá ń bọ̀ ní tààrà níwájú ní láti la nǹkan bíi mìlímítà 547 já kí ó tó dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Síbẹ̀ odindi ọkọ̀ náà kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 38 lọ.

Ó wá ku tánganran, tó jẹ́ olórí ìbéèrè yín. Kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n ń bù sínú irú èyí. Alumina ni, tàbí silicon carbide, tàbí boron carbide, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì sun nínú iná tó gbóná gan-an títí tí kò fi sí ihò kékeré kankan nínú rẹ̀ mọ́. Alumina wúwo tó ìlàjì irin, boron carbide kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, méjèèjì sì le ju irin ọta èyíkéyìí lọ. Láti ọdún 1918 ni ọ̀gágun kan, Neville Monroe Hopkins, ti rí i pé bí a bá fi ẹnámẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tó wà lára abọ́ ìyá wa àgbà, bo ojú irin, irin náà ń dènà ọta ju irin lásán lọ.

Nígbà tí ọta onírin líle bá kan tánganran yìí, orí ọta ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó tẹ́, ó fọ́, ó ń ṣàn káàkiri lórí ojú tánganran láìrí ọ̀nà wọlé, láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà ni tánganran pàápàá yóò fọ́, ṣùgbọ́n kì í fọ́ bí ó ṣe wù ú: ó ń fọ́ bí àrọ tí a dojú rẹ̀ dé, tóóró níwájú, gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn. Agbára tó dé níwájú ní ibi tó tó orí ìka wá tàn dé ibi tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fífọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ sì rò pé àbùkù rẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ okùn bàbà RPG ló wọlé, ìfọ́ tánganran tí wọ́n ti há mọ́ inú àpótí irin kò ríbi sá sí, ó ń padà ya sínú ihò, ó sì ń ha bàbà náà jẹ bí ó ṣe ń kọjá.

Àmọ́ ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ń lẹ tàìlì ilé, kí ẹ sì wo bí ó ṣe ń fi oríkèé ìka kan tàìlì tó ti gbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ́tí. Èyí tí sìmẹ́ǹtì kún ìdí rẹ̀ ń dún gan-in. Èyí tí ìdí rẹ̀ ṣófo ń dún bí igbá òfìfo, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ odó bá já lu ìyẹn, ó di méjì. Tàìlì kan náà ni, inú páálí kan náà ni wọ́n ti yọ ọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tánganran lè fara da ìtẹ̀ púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fara da kí a fà á tàbí kí a ká a kò, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyẹn bí ìdí rẹ̀ bá ṣófo. Èmi náà máa ń fi irú rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo lẹ tàìlì kékeré kan mọ́ irin nípọn, mo tẹ́ èkejì sórí fóòmù bẹ́ẹ̀dì, mo sì ju bọ́ọ̀lù irin sílẹ̀ lé wọn lórí láti ibi gíga kan náà. Ti orí fóòmù fọ́ sí mẹ́rin, bọ́ọ̀lù náà sì rì sínú fóòmù. Ti orí irin ní ojú funfun kékeré kan bí ojú ẹja, bọ́ọ̀lù ló ta padà tó yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí a fi ń wá a kiri. Ìdí nìyí tí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ tánganran mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣe pàtàkì tó tánganran fúnra rẹ̀.

Èyí dáhùn ìbéèrè kan tí ẹ kò béèrè, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í yé béèrè: ṣé a lè yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà padà, kí ike wà níta, kí tánganran wà nínú? Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ike kò le tó láti ba orí ọta jẹ́, ọta yóò sì dé ọ̀dọ̀ tánganran pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ mímú. Tánganran tí kò ní alátìlẹ́yìn yóò fọ́, ìfọ́ rẹ̀ yóò sì fò lu àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n á ti fi owó ara wọn ra ọta kejì.

Rọ́bà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, kí ẹ fi rọ́bà sáàárín wọn bí búrẹ́dì tó gba ẹ̀wà sínú, kí ẹ sì gbé e dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Nígbà tí okùn bàbà bá gún un, rọ́bà tó wà láàárín kò rí ọ̀nà gbà, ó wú, ó sì ti irin méjèèjì síta, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, gẹ́lẹ́ bí ẹ̀wà ṣe ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì tí a fi ọwọ́ tẹ̀. Níwọ̀n bí irin náà ti dà gẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe ń sún ni etí ihò ń gba ojú ọ̀nà bàbà kọjá, tí irin tí kò tíì lu ń bọ́ síwájú rẹ̀ lọ́tun. Okùn tó yẹ kí ó lọ tààrà di gígé sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn sì ń yà kúrò lọ́nà. Bí ẹ bá gbé e dúró kó kojú bàbà ní tààrà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, nítorí pé irin yóò kàn máa sún síwá sẹ́yìn yí ihò tó ti lu tẹ́lẹ̀ ká. Ó dùn mọ́ mi pé rọ́bà, tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ìhámọ́ra, ló ń fi agbára ọ̀tá ti irin lu ọ̀tá.

Ìhámọ́ra tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ìran yìí ni èyí tí àwọn oníròyìn sọ ní Chobham, nítorí pé nítòsí abúlé Chobham ní Surrey ni ilé ìwádìí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà, níbi tí Gilbert Harvey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969. Orúkọ àṣírí rẹ̀ ni Burlington. Ogun oṣù kẹwàá ọdún 1973, níbi tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Íjíbítì ti fi RPG-7 àti rọ́kẹ́ẹ̀tì Sagger ba ọ̀pọ̀ táńkì Ísírẹ́lì jẹ́, mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sọ pé ìgbà táńkì ti kọjá. Ní 1976 ni wọ́n kéde ìhámọ́ra tuntun yìí fáyé gbọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà mú irú rẹ̀ fún táńkì M1 Abrams tó wọ iṣẹ́ ní 1980, táńkì Challenger ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e ní 1983. Ìjọba kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe to ìpele inú rẹ̀ gan-an, nítorí náà ìlànà gbogbogbòò ni mo ń ṣàlàyé fún yín, kì í ṣe ti ọkọ̀ kan pàtó.

Ìpele tó kẹ́yìn, tó sún mọ́ ènìyàn jù, ni aṣọ nípọn tí wọ́n fi fọ́nrán Kevlar tàbí irú rẹ̀ hun, tí wọ́n fi tẹ́ inú ọkọ̀. Stephanie Kwolek, obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ DuPont, ló ṣàwárí fọ́nrán yìí ní 1965. Kódà bí ọta kò bá wọlé, bí ó ṣe kan ọkọ̀ níta lè mú kí irin ṣí ní inú, kí ó sì fò bí èèpo ẹ̀pà. Aṣọ yìí ló ń mú un.

Kí n má bàa tàn yín jẹ, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tánganran tó ti gba ọta kan ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ọta kejì tó bá bá ojú ibẹ̀ gan-an yóò rọrùn láti wọlé. Torí náà ni wọ́n fi ń gé e kékeré, kí ọ̀kan fọ́ kí aládùúgbò rẹ̀ máà fọ́, ṣùgbọ́n ojú ibi tí tàìlì méjì ti pàdé náà jẹ́ ibi àìlera. Ooru tún ń bá gọ́ọ̀mù jà. Ẹ wo dígí àwọn ọkọ̀ agbówó báǹkì tó ti pẹ́: ìpele gíláàsì àti ike ni òun náà, bí oòrùn bá sì ti ń pa á lójoojúmọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, á máa yọ èéhó bí omi ọṣẹ. Gíláàsì àti ike kì í wú bákan náà nínú ooru, ni wọ́n ṣe ń já ara wọn sílẹ̀. Dígí tó ti rí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a tún gbẹ́kẹ̀ lé. Paríparí rẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó ní ìhámọ́ra kan náà yíká. Iwájú ni wọ́n ń kó o sí jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ní Ìráàkì, RPG-29, àgbá èjìká tó lágbára ju RPG-7 lọ, wọ táńkì Challenger 2 kan láti ìsàlẹ̀ iwájú, ó sì ṣe awakọ̀ rẹ̀ léṣe lẹ́sẹ̀. Òrùlé náà tẹ́ẹ́rẹ́, ohun tí àwọn dírónù ogun Ukraine sì ń wá kiri nìyẹn.

Irú ọkọ̀ tó ṣeé ṣe kí àbúrò yín máa gùn, ọkọ̀ elérò tó ń dènà bọ́ǹbù ilẹ̀, kì í ṣe táńkì. Irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Proforce ń ṣe ní Òde Rẹ́mọ, tí kò jìnnà sí yín, tí wọ́n sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Ara. Ìdí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó rí ṣónṣó bí ìdí ọkọ̀ ojú omi ló ń da agbára bọ́ǹbù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin líle tó ti gba ìtọ́jú iná sì ni olórí ìhámọ́ra ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ọta ìbọn. Bí tánganran bá wà lára rẹ̀, ó sábà máa ń wà nínú páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ọn níta, tí wọ́n lè tú kí wọ́n sì pààrọ̀ nígbà tó bá ti gba ọta. Òun ni owó tí ẹ ń béèrè ń lọ lé lórí, èmi kò sì rò pé òfò ni.

Tàìlì balùwẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá yín. Inú rẹ̀ ní ihò wínníwínní, amọ̀ àti gíláàsì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé ọkọ̀ oníhàámọ́ra wá sí ṣọ́ọ̀bù yín pé kí ẹ jó ìdè tàbí àgò kan mọ́ ọn lára, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí ẹ fẹ́ jó. Irin ìhámọ́ra líle tí iná bá mú gbóná kọjá nǹkan bíi dígírì 200 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù líle tí wọ́n sanwó fún, gọ́ọ̀mù àti rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì ti jóná kí ẹ tó rí èéfín. Ẹ lo bóòtù ní ojú ihò tí wọ́n ti lu sílẹ̀ fún un.